Ọ̀rọ̀ fún Olùkọ́ tí Ó Ní Kọ̀ǹpútà àti fún Èyí tí Kò Tíì Ní

Ó ti tó ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí àwa tí a ń kọ ojú ewé yìí tó kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́ wá sí ìdí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí a ṣètò ìbéèrè ìdánwò èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan. Òru méjì ni a fi jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, a fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, a sì gbé fáìlì náà lọ bá àwọn tí ń tẹ̀wé ní ìgboro. Ìbéèrè kìíní ni pé kí ọmọ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin: oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí a tú ìdì ìwé náà, ohun tí a bá níbẹ̀ ni oko kan ṣoṣo, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò ní ju lẹ́tà k lọ láàrin àpótí òfìfo kéékèèké. Ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé náà kò mọ lẹ́tà wa tí ó ní àmì nísàlẹ̀. Àpótí ni ó fi dí àyè wọn.

A sáré láti kíláàsì dé kíláàsì, a ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó. Kí a tó dé kíláàsì tí ó gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn. Ọmọbìnrin kan ti kọ ọ́ pé oko ni ibi tí bàbá òun ń lọ ní àràárọ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó kù, ó kọ ọ́ pé òun kò rí irú wọn rí. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, a sì fún un ní máàkì rẹ̀.

Ohun tí ìbá gbà wá lọ́jọ́ náà kò gba ìṣẹ́jú kan. Bí ènìyàn bá ti parí ìwé lórí kọ̀ǹpútà, kí ó má ṣe gbé fáìlì tí ó fi ń kọ̀wé lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Kí ó tẹ Save As, kí ó sì yan PDF. Fáìlì PDF a máa gbé àwòrán lẹ́tà rẹ̀ dání, gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò tí ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ́wọ́, tí kò béèrè ohun tí wọ́n sè nílé ibi tí ó wọ̀ sí. Ohun tí olùkọ́ rí lójú ẹ̀rọ tirẹ̀ ni yóò jáde lórí ìwé. Ọdún mẹ́ta ni àwa lò nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì kọ́ wa ní ìtàn kọ̀ǹpútà láti ìgbà Charles Babbage, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní èyí.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ sọ lónìí. A kò wá láti yin kọ̀ǹpútà bí ẹni ń yin ọba. Àwọn tí ń yìn ín ti pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ rí nínú yàrá tí kò ní iná mànàmáná. Àwọn nǹkan díẹ̀ tí olùkọ́ lè lò ní ọ̀la òde yìí ni a mú wá, yálà ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tàbí ó ń yá ti ẹlòmíràn lò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀, èyíinì ni kíkọ èdè wa pẹ̀lú àmì rẹ̀. Láti ìgbà tí Ìwé Ìròyìn ti jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni àwọn tí ń kọ Yorùbá ti ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jà. Ìpàdé kan tí àwọn C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fìdí ọ̀pọ̀ nínú ìlànà ìkọ̀wé wa múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a ń rà láti òkè òkun kò gbọ́ nípa ìpàdé náà. Àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ wa ṣì ń fi tàípù kọ ìbéèrè láìsí àmì, wọn a sì wá fi bírò kán àmì sí abẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tí ó bá rí ìyá olùkọ́ kan tí ń fi bírò pupa fi àmì sí igba ìwé ìbéèrè ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kò ní sọ láéláé pé àwọn olùkọ́ Yorùbá kò ka èdè wọn sí.

Lónìí, kọ̀ǹpútà mọ gbogbo lẹ́tà wa. Àjọ tí a ń pè ní Unicode ti fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, tiwa sì wà níbẹ̀: ẹ ni 1EB9, ọ ni 1ECD, ṣ ni 1E63, ti ńlá wọn ni 1EB8, 1ECC àti 1E62. Bí ènìyàn bá ń lo Microsoft Word tàbí LibreOffice, kí ó kọ nọ́ńbà mẹ́rin náà, kí ó di bọ́tìnnì Alt mú, kí ó sì tẹ X. Nọ́ńbà yóò yí padà di lẹ́tà lójú ẹsẹ̀. Àmì ohùn òkè ni 0301, ti ìsàlẹ̀ sì ni 0300. A óò kọ wọ́n lẹ́yìn lẹ́tà tí a fẹ́ kí wọ́n gùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí ó ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn mì. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà a dé f jẹ́ ara nọ́ńbà. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá kọ lẹ́tà a, tí ó sì kọ 0301 lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ yóò rò pé a0301 lápapọ̀ ni nọ́ńbà tí ó fẹ́, yóò sì gbé nǹkan mìíràn jáde tàbí kí ó má gbé ohunkóhun jáde. Kí ó kọ́kọ́ fa àmì yan nọ́ńbà mẹ́rin náà nìkan, kí ó tó tẹ Alt àti X. Oṣù kan gbáko ni àwa fi rò pé ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́ kí a tó mọ èyí.

Kò sí ẹni tí yóò fi nọ́ńbà kọ odindi ìwé. Fún iṣẹ́ tí ó pọ̀, kí olùkọ́ ṣí ibi ètò èdè lórí Windows, kí ó fi Yorùbá kún àwọn kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí ń lo Linux yóò rí i pẹ̀lú. Lórí fóònù, kíbọ́ọ̀dù Google tí a ń pè ní Gboard ní Yorùbá nínú: bí a bá fi ìka di lẹ́tà e mú díẹ̀, ẹ pẹ̀lú àwọn àmì rẹ̀ yóò yọ sókè, a ó sì yan èyí tí a fẹ́. A mọ àwọn olùkọ́ tí ń fi fóònù kọ gbogbo ìbéèrè wọn nítorí èyí, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó tún wúlò gidigidi ni ohun tí a ń pè ní AutoCorrect nínú Word. A lè sọ fún ẹ̀rọ pé nígbàkúùgbà tí a bá kọ akekoo, kí ó yí i padà sí akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá kọ oluko, kí ó di olùkọ́. Bí a bá kọ eko, kí ó di ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń lò jù nínú ìbéèrè kò tó igba. Bí ó bá fi márùn-ún síbẹ̀ lójoojúmọ́, kí táàmù kan tó parí, ẹ̀rọ yóò máa bá a fi àmì sí èyí tí ó pọ̀ jù. Kìkì pé kí ó ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ bí oko tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀. Irú ìyẹn, ọwọ́ ènìyàn ni ó yẹ kí ó fi àmì sí i.

Ní ti irú àwòrán lẹ́tà, Charis SIL àti Gentium jẹ́ ọ̀fẹ́, àmì ohùn a sì máa jókòó dáradára sórí lẹ́tà wọn, kì í fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé Unicode kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni ẹ̀rọ ń tò léra wọn, bí ẹni gbé igbá ka orí. Igbá tí wọ́n bá gbé kà á bí kò ṣe dọ́gba, yóò yẹ̀ sílẹ̀. Láti inú èyí ni wàhálà mìíràn ti ń wá: ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà kọ lẹ́tà kan náà, ojú kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Bí olùkọ́ kan bá kọ Ṣadé pẹ̀lú ṣ tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹnìkejì rẹ̀ kọ s lásán tí ó sì wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò kà wọ́n sí ọmọ méjì. Nígbà tí a bá wá fẹ́ kó máàkì rẹ̀ jọ, ìdajì rẹ̀ á sọnù. Kí ilé-ìwé fẹnu kò lórí ọ̀nà kan, kí akọ̀wé kan sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan; kí àwọn tí ó kù máa ṣe àdàkọ rẹ̀.

Èyí mú wa dé orí máàkì. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ òru ìparí táàmù: ọgọ́ta ọmọ, iṣẹ́ mẹ́wàá, fìtílà tàbí jẹnẹrétọ̀, àti ìṣirò tí ń yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tún un kà. Àṣìṣe ìṣirò kan lè gba ipò kìíní lọ́wọ́ ọmọ tí ó ni ín. A ti rí ibi tí òbí ti wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú ìbínú nítorí máàkì méjì péré, a sì tún un ṣírò, òbí ni ó jàre.

Ètò ìṣirò tí a ń pè ní Excel, tàbí Calc tí ó wà nínú LibreOffice tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò ṣe iṣẹ́ náà láìṣe àṣìṣe, bí a bá pàṣẹ fún un bí ó ti yẹ. Kí orúkọ àwọn ọmọ wà ní òpó A láti ìlà kejì dé ìlà 61. Kí máàkì iṣẹ́ àárín táàmù, tí ó jẹ́ 40 ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, wà ní òpó B, kí ti ìdánwò tí ó jẹ́ 60 wà ní C. Ní D2, kí a kọ =B2+C2, kí a sì fa igun rẹ̀ sísàlẹ̀ dé ọmọ tí ó gbẹ̀yìn; àpapọ̀ gbogbo wọn dé. Fún ipò, kí a kọ èyí sí E2: =RANK(D2,D$2:D$61), kí a sì fà á sísàlẹ̀ bákan náà.

Ẹ kíyèsí àmì owó dọ́là tí ó wà nínú àṣẹ kejì yìí, nítorí òun ni ó ń so ààlà kíláàsì mọ́lẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, bí a ti ń fa àṣẹ náà sísàlẹ̀ ni ààlà náà yóò máa bá wa sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ìlà 30 kò ní bá àwọn tí ó wà lókè rẹ̀ díje mọ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì gbẹ̀yìn nínú ìwé yóò gba ipò kìíní, bí ó tilẹ̀ gba òdo, nítorí pé òun nìkan ni ó kù lójú ìdíje. Ilé-ìwé kan wà tí èyí ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì ti fún ọmọ náà ní ẹ̀bùn níwájú gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó rí i. A fi orúkọ bo ilé-ìwé náà láṣírí. Ní ti àwọn tí máàkì wọn bá dọ́gba, bí méjì bá jọ wà ní ipò kejì, ipò kẹrin ni ẹ̀rọ yóò fún ẹni tí ó tẹ̀lé wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nínú ìwé.

Ǹjẹ́, bí a bá ti kó gbogbo máàkì sínú ẹ̀rọ, níbo ni ó wà? Olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí kó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sínú fláàṣì kan ṣoṣo, ó sì so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n jí ọ̀kadà náà, ẹkún tí ó sun kì í ṣe ti ọ̀kadà. Ohun tí àwa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá béèrè ni pé iṣẹ́ tí kò sí ní ibi mẹ́ta kò tíì sí níbì kan: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fláàṣì tí a fi sílé, ọ̀kan ní ibi tí kò sí lábẹ́ òrùlé kan náà. Google ń fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ní àyè gígàbáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé máàkì ogún ọdún kò ní kún un. Ẹni tí kò ní dátà, kí ó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀, nígbà tí ó bá dé ibi tí ìsokọ́ra wà. Kí ó sì tẹ máàkì jáde sórí ìwé ní òpin táàmù kọ̀ọ̀kan, nítorí ìwé kì í gbára lé iná mànàmáná.

Fláàṣì tún ni ó ń kó kòkòrò láti ilé ìtẹ̀wé wá sí ilé-ìwé. Ọ̀kan wà nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí tí yóò mú kí gbogbo fáìlì ènìyàn di àwòrán kékeré tí ó ní ọfà lára, tí a bá tẹ̀ ẹ́ tí kò ní ṣí. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó má ṣe sáré pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, fáìlì rẹ̀ wà níbẹ̀, kòkòrò náà kàn fi wọ́n pamọ́ ni, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì lè yọ wọ́n jáde. Olùkọ́ tí ó bá ń gbé fláàṣì kan lọ fún ìtẹ̀wé, tí ó sì ní òmíràn fún ìpamọ́, ti yọ ara rẹ̀ nínú ìdajì wàhálà yìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ àwọn ilé-ìwé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn ni ó pọ̀ jù ní ìgbèríko wa. Ọ̀pọ̀ rò pé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àpótí lásán ni kọ̀ǹpútà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ètò kan wà tí a ń pè ní Kiwix, tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Òun ni a fi ń ka Wikipedia láìsí ìsokọ́ra. Odindi ti èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ ju gígàbáìtì 100 lọ, ó sì gba ẹni tí ó ní dátà púpọ̀ láti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, a lè ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ilé-ìwé gbogbo ní àdúgbò. Èyí tí ó kéré tún wà, tí kò ní àwòrán, tàbí tí ó dá lórí ẹ̀kọ́ kan. Wikipedia ti èdè Yorùbá wà pẹ̀lú, àròkọ rẹ̀ ju 30,000 lọ; a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìlà méjì tàbí mẹ́ta lọ, olùkọ́ Yorùbá tí ó bá sì ní àsìkò lè bá wa mú un gùn sí i.

Kolibri ni èkejì, iṣẹ́ àwọn Learning Equality ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà kan nínú ilé-ìwé ni yóò gbé e, àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ó kù yóò sì máa gba ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ nípa WiFi, láìsí pé íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ọgbà rárá. Àwọn fídíò Khan Academy lórí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Raspberry Pi, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2012, tí kò fẹ̀ ju káàdì báǹkì lọ, lè gbé Kolibri. Iná tí ó ń jẹ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí sólà kékeré kan yóò fi bọ́ ọ láti òwúrọ̀ dé ìgbà tí ilé-ìwé bá jáde.

Fún olùkọ́ ìṣirò, GeoGebra tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ ní Austria ní 2001 yóò ya igun àti àyíká lójú ọmọ, yóò sì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ fà wọ́n wò. Fún olùkọ́ físíìsì àti kẹ́místírì tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní yàrá ìdánrawò, ẹ lọ wo PhET, tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 2002. Nínú rẹ̀ ni ọmọ ti lè so wáyà mọ́ bátìrì àti gílóòbù, kí ó sì rí bí iná ti ń tàn, láìsí pé bátìrì kan tán. A lè gba ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìdánrawò náà sórí fláàṣì kí a tó lọ sí ilé-ìwé. Kò dà bí ohun gidi, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn ju àwòrán tí a fi ṣọ́ọ̀kì yà fún ogún ọdún lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan jẹ ìjẹun àwọn ọmọ wa ni ti ìdánwò JAMB. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì náà ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí ni a ń gbé lọ síwájú rẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, ẹni tí ó sì ti ń lò ó nílé láti kékeré jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ti gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ pé ọmọ àwọn kò mọ ìwé, nígbà tí ó jẹ́ pé eku kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n dì mú. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò mọ̀ ni pé JAMB ti ṣe é kí ọmọ lè lo bọ́tìnnì mẹ́jọ péré láìfọwọ́ kan eku: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó kọjá, S láti fi iṣẹ́ jíṣẹ́, R láti padà bí ó bá ti tẹ S láìròtẹ́lẹ̀.

Bọ́tìnnì mẹ́jọ, ẹ̀yin olùkọ́! Èyí ṣeé kọ́ láìsí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní gbogbo ìlú. Kí olùkọ́ ya kíbọ́ọ̀dù sórí páálí bí ó ti tóbi gan-an, kí ó fi àwọ̀ pupa kun àwọn mẹ́jọ náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ya tirẹ̀ sínú ìwé. Kí ó máa pe ìbéèrè, kí àwọn ọmọ máa fi ìka tẹ ìdáhùn lórí páálí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ wọn á ti mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí, bí wọ́n bá rí ẹ̀rọ gidi fún ọjọ́ kan péré, wọn kò ní bá a nílẹ̀ bí àlejò.

Ní 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ètò Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Èrò náà dára, orúkọ rẹ̀ sì dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ìjọba kan bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ọmọ, ìbéèrè wa kan náà ni: ta ni ó ra ti olùkọ́? Ta ni yóò tún un ṣe bí ojú rẹ̀ bá fọ́? Níbo ni wọn yóò ti fi iná sí i? A kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan fún àgbẹ̀ ní oko tí ó sì gbàgbé láti fún un ní ọkọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ wa lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn.

Nípa àwọn ẹ̀rọ tí ń dáhùn ọ̀rọ̀ bí ènìyàn, irú ChatGPT tí ó jáde ní ìparí 2022, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Wọn a máa bá olùkọ́ ṣètò ìbéèrè lórí ìṣirò tàbí kí wọ́n gé àlàyé gígùn kúrú, wọ́n sì ń dín iṣẹ́ òru kù. Ṣùgbọ́n wọn a máa fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ, a sì ti rí i tí wọ́n hun òwe tí ìyá àgbà kankan kò pa rí. Kí olùkọ́ ka gbogbo rẹ̀ wò kí ó tó dé iwájú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí ó má ṣe kó orúkọ, àwòrán tàbí máàkì àwọn ọmọ sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tàbí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn òbí wà. Òfin ààbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àti pé, kí òfin tó dé rárá, ìtìjú ọmọ tí ó gba ipò ìkẹyìn kì í ṣe ohun tí à ń nà sórí àtẹ.

Fún ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀, kí ó ṣọ́ra. Ní oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dẹ́kun títún Windows 10 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí ń kún ọjà kò sì lè gbé Windows 11. Kí olùtajà má ṣe fi èyí rẹ́ ọ jẹ. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì lágbára, Linux Mint tàbí Ubuntu yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice sì ṣeé lò lórí wọn. Bátìrì ni kí olùrà yẹ̀ wò jù: kí ó yọ wáyà iná rẹ̀, kí ó jókòó tì í fún ààbọ̀ wákàtí nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí olùtajà bá bínú, kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ó ku ìdíwọ́ kan tí a kì í sọ síta. Àgbà olùkọ́ tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ a máa tijú láti bi ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìbéèrè. Ọmọ náà kò sì ní fẹ́ ṣe bí ẹni tí ń kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́. Báyìí ni àwọn méjèèjì yóò ṣe jókòó sínú yàrá olùkọ́ kan náà, tí Mà yóò máa fi bírò fi àmì sí igba ìwé, tí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá yóò sì wà lórí fóònù ọmọdé náà ní òdì kejì tábìlì. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ó lè já okùn yìí. Kí ó pe gbogbo olùkọ́ jọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan kí ìdánwò táàmù yìí tó wọlé, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú ojú ewé kan ìbéèrè tirẹ̀ wá, kí ọmọdé fi ibi tí a ń tẹ̀ han àgbà, kí àgbà sì fi ibi tí àmì ohùn yẹ kí ó wà han ọmọdé. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ra epo jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lọ sílé títí tí yóò fi sọ ojú ewé rẹ̀ di PDF, tí yóò ṣí i lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, tí yóò sì rí i pé oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣì jẹ́ mẹ́rin.